Òfin Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Rú: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Bí gbogbo ènìyàn bá ń rú òfin kan, tí adájọ́ sì ń wò wọ́n níran, ta ni a ó dá lẹ́bi: àwọn arúfin ni, adájọ́ ni, tàbí òfin fúnra rẹ̀? Ìbéèrè yìí ṣòro láti dáhùn nígbà tí ọ̀ràn bá kan owó tàbí ipò, nítorí olúkúlùkù a máa gbè lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú àpẹẹrẹ wá láti inú eré ìdárayá kan tí ó jìnnà sí wa, kí a lè fi ọkàn tútù yẹ̀ ẹ́ wò.

Softball ni orúkọ eré náà. Ìlú Chicago ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1887, àwọn obìnrin sì kọ́kọ́ ṣe é ní Ìdíje Òlíńpíìkì ní ọdún 1996. Ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a máa fi igi gbá a. Ajubọ́ọ̀lù yóò fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó rọ́bà kan tí a rì mọ́lẹ̀, yóò yí apá rẹ̀ po bí àgbá kẹ̀kẹ́, yóò sì ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì Amẹ́ríkà, mítà 13 ó lé díẹ̀ ni ó wà láàárín òun àti ibi tí onígi dúró sí. Bí ajubọ́ọ̀lù bá mọṣẹ́ dáadáa, bọ́ọ̀lù kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé. Nítorí náà, bí ajubọ́ọ̀lù bá jí ìṣísẹ̀ kan gbé síwájú, àkókò tí onígi ní láti ronú ni ó jí.

Òfin àtijọ́ sọ pé ẹsẹ̀ tí ó fi tẹ pátákó kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀; kí ó máa wọ́ ọ bọ̀ lẹ́yìn títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun méjì ni òfin yìí kà léèwọ̀. Èkíní ni fífò, ìyẹn ni pé kí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni títún ẹsẹ̀ gbìn: kí ó kúrò lórí pátákó, kí ó tún fi ẹsẹ̀ kan náà tẹ ilẹ̀ níwájú, kí ó sì ti ibẹ̀ ta ara rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí a bá mú, ìjùkújù kan ni a ó kà sí i lọ́rùn. Bí ìjùkújù bá pé mẹ́rin, onígi yóò rìn lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ láìgbá ohunkóhun.

Ẹsẹ̀ tí ń wọ́lẹ̀ léraléra a máa gbẹ́ kòtò. Ìwé òfin kan tilẹ̀ fi kún un pé bí ẹsẹ̀ bá ń kọjá lórí kòtò náà, kò gbọdọ̀ ga ju ojú ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ẹ wo ẹrù tí a gbé lé adájọ́ lórí! Ní ìṣẹ́jú kan, ó ní láti mọ̀ bóyá ìtẹ́lẹ̀ bàtà fi ìwọ̀n ìka kan ga ju etí kòtò lọ. Ọ̀pọ̀ adájọ́ dákẹ́, ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù sì ń fò.

Ta ni ó wá ń jìyà? Ọmọbìnrin tó ń pa òfin mọ́ ni. Òun ni ó fi sùúrù kọ́ bí a ti ń wọ́ ẹsẹ̀, òun náà ni a sì ń bi pé kí ló dé tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yá tó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹnì kejì tí ń jìyà ni ẹni tí adájọ́ kan dédé mú lọ́jọ́ ìdíje pàtàkì, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ṣe ohun kan náà lọ láìsí ẹni tó bi wọ́n. Ẹni ilẹ̀ bá mọ́ bá ni à ń pè ní barawo.

Ní ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe òfin eré fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà kéde pé, láti ọdún 2025, fífò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n títún ẹsẹ̀ gbìn ṣì jẹ́ èèwọ̀. Nínú eré ti àwọn ọkùnrin, a ti gba fífò láàyè tipẹ́.

Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn kan yóò sọ pé àṣà búburú ni èyí: bí gbogbo ọlọ́jà bá lu ìdí òṣùwọ̀n wọn wọnú, ṣé òṣùwọ̀n náà yóò di pípé? Rárá, kò ní pé láéláé, nítorí ẹni tó ń rà ni a ń jà lólè. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Kí a tó pa òfin rẹ́, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin náà ń ṣọ́. Ohun tí èyí ń ṣọ́ ni àyè tó wà láàárín ajubọ́ọ̀lù àti onígi. Ẹni tó tún ẹsẹ̀ gbìn ti sún pátákó síwájú ní tirẹ̀. Onígi ni ó jà lólè. Ẹni tó fò kò ní ibòmíràn tí ó ti ta ara rẹ̀. Àǹfààní díẹ̀ tí ó rí, bí a bá gbà á fún gbogbo wọn, kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Nítorí náà, mo gbà pé àtúnṣe náà tọ́.

Síbẹ̀, àtúnṣe kò wẹ àná mọ́. Ẹni tó fò nígbà tí òfin kọ̀ ọ́ rú àdéhùn, bí òfin náà tilẹ̀ wúwo. Kò sì sí ẹni tí yóò dá ìdíje tí ó sọnù padà fún ọmọbìnrin tó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀bi àwọn tó ni òfin ni ó pọ̀ jù. Wọ́n mọ̀ pé a kò lè ṣọ́ ọ, wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì di ẹrù tí olóòótọ́ nìkan ń rù.

Ọ̀ràn náà kò sì jìnnà sí wa mọ́. Ẹgbẹ́ wo ni kò ní owó ìtanràn fún apẹ́wá, tí akápò ń gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́, tí kì í béèrè lọ́wọ́ ọlọ́lá? Òfin tí a kò ní fi dá gbogbo ènìyàn lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ ní gbangba. Èyí tí a bá fi sílẹ̀, kí ó mú ọmọ, kí ó mú bàbá.