Ta Ni Horry?

"Okun o!" ni mo kí àwọn ọmọ tí mo bá lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti fi igi kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún sórí iyanrìn, ó ní kò sí ikọ̀ tó lè na èyí tí òun tò yìí. Gbajúgbajà ni márààrún. Márààrún ló sì jẹ́ pé tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ wọn, ó di kó kúrò.

Mo jókòó, mo ní kí n sọ ti Hakeem Ọlájùwọ́n fún wọn.

Ọmọ Èkó ni Hakeem. Lọ́dún 1994, Houston Rockets tirẹ̀ gba ife líìgì NBA. Ọgbọ́n wọn ò pọ̀: wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí i nítòsí àwọ̀n, á kẹ̀yìn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á mi èjìká sọ́tùn-ún, á sì gba òsì yọ. Ẹnì kan ṣoṣo ò ká a, nítorí náà ẹnì kejì á sáré wá kún un. Ibi tí ẹni yẹn sá kúrò ti ṣófo nìyẹn. Hakeem á ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀, fún ẹni tó ti dúró dè é lẹ́yìn ìlà àmì-ayò mẹ́ta. Robert Horry àti Sam Cassell, ọmọdé méjèèjì, wà lára àwọn tó mọ ìdúró yẹn. Ní 1995, Clyde Drexler, tí òun àti Hakeem jọ lọ yunifásítì, dé bá wọn. Wọ́n na Orlando Magic ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, ife kejì nìyẹn.

Ní 1996, ojú wọn wọ Charles Barkley, gbajúgbajà ikọ̀ Phoenix. Wọ́n kó Horry, Cassell àti àwọn méjì mìíràn fún Phoenix, wọ́n fi gbà á. Kí n má purọ́, ká ní mo wà níbẹ̀, màá pàtẹ́wọ́. Barkley mà ni! Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni òun, Hakeem àti Drexler, 1962 sí 1963 ni wọ́n bí wọn, eegun gbogbo wọn ti ń ké. Ìtòsí àwọ̀n tí Hakeem ti ń ṣiṣẹ́ ni Barkley náà fẹ́ràn. Gbogbo wa kò sì lè sùn ká kọrí síbì kan náà.

Wọn ò ṣubú lójú ẹsẹ̀ o. Eré 57 nínú 82 ni wọ́n jẹ lọ́dún àkọ́kọ́. Àfi bí wọ́n ṣe bá Utah Jazz pàdé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1997, ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, 100 sí 100, John Stockton ti Utah gba bọ́ọ̀lù lókèèrè. Barkley sáré sí i, ó nawọ́, ọwọ́ ò tó o. Bọ́ọ̀lù wọlé, ilé yá.

Nígbà tí Drexler fẹ̀yìn tì, orúkọ ńlá mìíràn ni wọ́n tún wá, Scottie Pippen. Ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ife ni ikọ̀ Lakers ti lé wọn lọ ní 1999. Horry wà nínú Lakers yẹn. Nígbà tí yóò fi ṣíwọ́, ife méje ló gbà. Barkley ò gba ẹyọ kan.

Ọmọ tó kọ orúkọ wo iyanrìn rẹ̀ títí.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ta ni Horry?"