Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Lórí Ìtanràn Kékeré

Ká ní ará Òkèrèwè kan ní Ilé-Ifẹ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ọgbà yunifásítì, níbi tí kò sí àmì èèwọ̀ kankan, tí ẹ̀ṣọ́ sì bu ìtanràn lé e. Àwọn kan yóò ní kí ó san án, kí ó má sọ ọ̀ràn kékeré di ńlá. Ṣùgbọ́n iye owó kọ́ ni a fi ń wọn òdodo.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí èyí ni ẹjọ́ tí kò parí lọ́dọ̀ baálé ilé fi ń lọ sọ́dọ̀ ìjòyè àdúgbò, tí ó sì lè dé ààfin. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fagi lé ìyà tí a fi jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan: igbákejì ọ̀gá àgbà, tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́, ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí wọn.

Nítorí náà, kí ẹ̀ṣọ́ tó kọ ìwé ìtanràn má ṣe adájọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tó mọ ara rẹ̀ lẹ́bi sanwó. Ẹ̀tọ́ àtirojọ́ kì í ṣe ẹ̀tọ́ àtipurọ́.