OHUN TÍ Ó WỌLÉ KÌ Í ṢE OHUN TÍ Ó BÁ A MU

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni.

Ẹ̀yin ará Kambolé mọ ọkọ̀ ìjọ wa àtijọ́, bọ́ọ̀sì Volkswagen, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní dánfó. Nígbà tí ríìmù ẹ̀yìn méjì sán, a wá irú rẹ̀ títí dé Sokodé, a kò rí. Mẹkáníìkì kan wá gbé ríìmù Mercedes kékeré wá fún wa. Ihò márùn-ún ni tiwa, ihò márùn-ún ni tirẹ̀. Ó gbé e sí i, ó wọlé. A yin Ọlọ́run lógo. A wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí ọkọ̀ náà, a kó èrò sínú rẹ̀, ó di ìkórè ní Sokodé.

A kọjá Tchamba tán ni ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Ẹ̀yin bàbá, ọkọ̀ yìí ń mì o." Awakọ̀ ní ọ̀nà ni kò dára. Kí ni àwa ṣe? A gbé orin sókè sí i. Nígbà tí a dúró níkẹyìn, bóòtù méjì ti já bọ́, àwọn ihò ti fẹ̀ lẹ́nu. Ọlọ́run yọ wá, kò sí ẹni tó kú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí gan-an. Láti nǹkan bí ọdún 1971 ni ihò márùn-ún bọ́ọ̀sì Volkswagen ti wà lórí òbìrí mílímítà 112. Ti Mercedes náà, 112 ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi wọlé. Ṣùgbọ́n bóòtù bọ́ọ̀sì náà nípọn tó mílímítà 14, ti ọ̀pọ̀ Mercedes kékeré ìgbà náà sì jẹ́ 12. Mẹkáníìkì wa lu ihò náà kí ó lè gbòòrò. Orí bóòtù rí roboto bí ìdí ẹyin, ó sì yẹ kí ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú kòtò tí a gbẹ́ fún un. Lílù yẹn ti ba kòtò jẹ́. Bóòtù kàn fẹnu kan ibẹ̀ ni, kò jókòó. Fífún tí bóòtù fún ríìmù mọ́ra ni ó sì ń gbé ẹrù. Bí ó bá ti dẹ̀, ó parí.

Ta ló wá jẹ̀bi? Mẹkáníìkì ní, "Mo ṣáà sọ pé kí ẹ má sáré." Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Àwa àgbà gbọ́, a kò béèrè ìdí rẹ̀, nítorí a mọ̀ pé bí a bá béèrè, owó ni yóò bá wa. Àìbéèrè yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Àwọn kan ní òṣì ló fà á. Òṣì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì burú kí a fi ohun ọkọ̀ kan tún òmíràn ṣe. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lórí alùpùpù rẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yẹn kò mọ ohun tí òun jókòó lé. Àwa la fura, àwa la dákẹ́. Ẹni tó gbé ewu lé aláìmọ̀ lórí, olè ni; ó jí ìpinnu ẹni náà gbé.

Ẹ rántí Dáfídì. Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù dára, ti ọba ni. Dáfídì gbé e wọ̀, ó rí i pé òun kò tíì dán an wò, ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó lọ sójú ogun. Kò gbàdúrà kí ó di ìwọ̀n òun.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí a tó gbé ríìmù ọkọ̀ mìíràn wọ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè: Ṣé bóòtù jókòó sínú kòtò rẹ̀? Ṣé ó lè gbé ẹrù èrò wa? Ṣé a tún fún un lẹ́yìn ìrìn díẹ̀? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ "bóyá", kí ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni kí a wọ́n omi.

Oṣù mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì wa fi wà nílẹ̀ ní Kambolé. Àwọn ará kùn. Àwa kò kábàámọ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ẹnu láti béèrè. Àmín.