Ta Ni Ó Ni Aṣọ Náà?

Ní Gee's Bend, ní Alabama ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, obìnrin kan a máa to ìrépé ògbólógbòó aṣọ pọ̀ ní ilé rẹ̀, bí ojú inú rẹ̀ ti rí i. Lẹ́yìn èyí ni àwọn aládùúgbò a pé jọ, wọn a ta á sórí férémù igi, wọn a sì jùmọ̀ rán an mọ́ òwú àti ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, kí ó lè di aṣọ ìbora. Ní 1966, àwọn obìnrin àgbègbè náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa tà á.

Ta ni ó ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀? Bí a bá wí pé ti gbogbo wọn ni, a gba ọgbọ́n orí ẹnìkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá wí pé ti ẹni tí ó tò ó nìkan ni, a sọ abẹ́rẹ́ àwọn ìyókù di asán. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìka kọ̀ọ̀kan kò pàdánù orúkọ rẹ̀.

Lójú tiwa, ẹni tí ó tò ó ni ó ni orúkọ. Bí aṣọ bá wà nínú ilé, gbèsè rẹ̀ kò ju pé kí òun náà jókòó ti férémù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá di ohun títà, ọpẹ́ ẹnu kò tó mọ́: ó tọ́ kí owó rẹ̀ dé gbogbo ọwọ́ tí ó fa abẹ́rẹ́.