Ta Ló Ń Kọ Orin Yẹn Fún?

ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9-28

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka Bíbélì yẹn tán ná kí ẹ tó máa bá mi bọ̀, torí ibẹ̀ la máa padà sí.

Àbúrò mi tó kéré jù ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì, ó ń gbọ́ orin Adekunle Gold lórí fóònù rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ibi báyìí, Simi ló ń bá wí, ibi tọ̀hún, Simi náà ni, nígbà tí aráyé kò tíì mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwa ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á ti mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ orin ayé, ẹ má tíì bínú sí mi. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Ní 2016 ni Adekunle Gold gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó pè é ní Gold. Simi bá a kọ orin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ "No Forget", òun náà ló sì bá a ṣàtúnṣe ohùn àwo náà. Àwọn méjèèjì kò kéde pé nǹkan kan wà láàárín àwọn. Àwọn olólùfẹ́ orin wọn ló ń tú u wò, tí wọ́n ń wo bí ọ̀kan ṣe ń wo èkejì nínú fídíò, tí wọ́n ń gbọ́ orin ìfẹ́ tí ọ̀kan dá kọ, tí wọ́n sì ń sọ pé èkejì ló kọ ọ́ fún. Nígbà tó wá di oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ṣe ìgbéyàwó láìpariwo, wọ́n sì gbé orin kan tí wọ́n jọ kọ jáde, "Promise". Àwọn tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí fò sókè. Wọ́n ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tèmi rèé: ṣé ohun tó dára ni wọ́n ṣe? Mo mọ̀ pé wọ́n gbà á. Ohun tí mò ń béèrè ni bóyá ó tọ́.

Ẹ má yára dáhùn. Ṣebí àwa Yorùbá la mọ ìtumọ̀ orin jù. Nílé olórogún ayé àtijọ́, ìyàwó kékeré á máa gbálẹ̀ àárọ̀, á máa kọrin lọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyálé tó wà ní yàrá ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, òun náà á dá tirẹ̀ padà lẹ́nu iṣẹ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ nìkan ló ń gbọ́, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, n kò ní lè dìde láàárọ̀ yìí kí n wá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn wá ohun tó wà nísàlẹ̀ orin.

Ìjọ Ọlọ́run gan-an ń ṣe é. Orin ìfẹ́ wà nínú Bíbélì wa, Orin Sólómọ́nì. Ọkùnrin Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Bernard ti Clairvaux, ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó kú ní 1153, wàásù 86 lórí rẹ̀, kò sì tíì kọjá ìbẹ̀rẹ̀ orí kẹta tí ọlọ́jọ́ fi dé. Wàásù mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, orí méjì péré! Àbúrò mi kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá yẹn ń wá nínú orin náà ni bí Kristi ṣe fẹ́ràn ọkàn òun alára. Kò fi wá ìdí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo rò pé ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀, n óò padà sí i.

Ní òpin ọdún 1972, obìnrin olórin kan ní Amẹ́ríkà, Carly Simon, gbé orin kan jáde tó fi ń bá ọkùnrin agbéraga kan wí. Kò dárúkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Mick Jagger ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Jagger fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn nínú orin náà! Obìnrin náà ní kì í ṣe òun. Ní 2003, ọkùnrin kan san 50,000 dọ́là níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan fún iṣẹ́ àánú, kí wọ́n ṣáà lè sọ orúkọ náà sí òun létí, ó sì ní láti ṣèlérí pé òun kò ní sọ ọ́ síta. Ó di 2015 kí Carly Simon tó sọ ní gbangba pé Warren Beatty ni, ẹsẹ kejì nìkan sì ni tirẹ̀ o. Àwọn ẹlòmíràn ló ni ìyókù. Ẹ ò rí nǹkan? Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ń wá ẹnì kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Ti Taylor Swift tún yàtọ̀, torí òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wọn. Láti àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2006 títí dé èyí tó ṣe ní 2014, nínú ìwé pẹlẹbẹ tó ń bá àwo wá, a máa fi lẹ́tà ńlá sáàárín àwọn lẹ́tà kékeré. Tẹ́ ẹ bá ṣa àwọn lẹ́tà ńlá náà jọ, wọ́n á di ọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn ọmọbìnrin á jókòó, wọ́n á máa ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kí wọ́n lè mọ ọkùnrin tó ń bá wí. Eré ni. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, ní Minneapolis, tó fẹ́ kọ orin kan tó ti kọ sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. Kó tó la ẹnu, ó kọ́kọ́ bẹ gbogbo èrò tó wà níbẹ̀: ó ní kí wọ́n ṣe jẹ́jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má ṣe torí òun lọ máa bá ẹni tí wọ́n rò pé orin náà ń bá wí jà. Ẹni ọdún 33 ni nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Adekunle Gold àti Simi. Ibẹ̀ ló le jù, torí pé àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ gbà á. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé bó o bá gba ẹyọ kan, ó máa ń pa ọ́ bí ọtí ni. Èyí tá a gbà, a ń kà á. Mélòó la ti ṣì? A kì í kà á. Olórin tá a fún ní ìyàwó tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀rẹ́ méjì tá a sọ di olólùfẹ́ títí tí wọn kò fi lè jókòó tira wọn mọ́, ta ló ń ṣírò ìyẹn? Kò sẹ́ni tó ń padà wá sọ pé, "Ẹ má bínú, a ṣì í." Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹni méjì bá tilẹ̀ ń fẹ́ra wọn lóòótọ́, tí wọ́n fẹ́ kó rọra ta gbòǹgbò ná, ta ló ní ká máa hú ilẹ̀ ibẹ̀ wò lójoojúmọ́?

Ẹ wo Élì. Ẹ má jẹ́ ká fojú òmùgọ̀ wò ó. Àlùfáà ni, àgbàlagbà ni, ẹnu ọ̀nà ilé Olúwa ló sì jókòó sí. Àsìkò àjọ̀dún ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ní Ṣílò ni. Ó rí obìnrin kan tí ètè rẹ̀ ń mì, tí ohùn rẹ̀ kò jáde. Ìtumọ̀ tó fún un bọ́gbọ́n mu. Bí èmi àti ẹ̀yin bá jókòó síbẹ̀, bóyá ohun tá a máa rò náà nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé irọ́ ni. Ètè ló rí, kò rí ọkàn.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan wà tí Élì ṣe tí àwa kì í ṣe. Èkíní, ojú Hánà ló ti sọ ọ́. Ó le, ó burú létí, àmọ́ ó ṣeé dá lóhùn, Hánà sì dá a lóhùn pé òun kò mu ọtí, ọkàn òun lòun ń tú jáde níwájú Olúwa. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni Élì ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Hánà ì bá ti padà sílé ní ọ̀mùtí láìmọ̀. Èkejì, ó gbà pé òun ṣì í, lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, n kò sì rí i rí kó tó di ọ̀sẹ̀ yìí: Élì kò béèrè ohun tó ń tọrọ. Ẹ tún un kà. Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kí Ọlọ́run Ísírẹ́lì fún un ní ohun tó tọrọ. Kò mọ̀ bóyá ọmọ ni, kò mọ̀ bóyá ìwòsàn ni. Ó súre fún ohun tí kò mọ̀! Nígbà tó ṣe, tí Hánà ti bí Sámúẹ́lì, tó ti já a lẹ́nu ọmú, òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá tó wá sọ fún Élì pé ọmọ yìí lòun ń tọrọ lọ́jọ́sí. Ẹni tó ni àṣírí ló sọ ọ́, nígbà tó wù ú, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Àyànfẹ́, kì í ṣe torí olórin ni mo ṣe kọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀, arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Kò tíì lọ́kọ, ohùn rẹ̀ dùn. Ní Sọ́ńdè kan, ó kọ orin àdákọ tó kọ fúnra rẹ̀. Orin ẹni tó fẹ́ràn ẹnì kan ni, tó ń sọ̀rọ̀ sí i, tónítọ̀hún kò dá a lóhùn, tó sì ní òun kò ní yéé bá a sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kí a tó dé ibi tá a gbé ọkọ̀ sí, èmi àti àwọn méjì kan ti túmọ̀ rẹ̀ tán. A ní arákùnrin kan tó ń lu dùùrù ni. Ṣebí òun ló ń wò nígbà tó ń kọ ọ́? (Ó ní láti wò ó, òun ló ń lù ú fún un!) A kò ní ibi lọ́kàn o. Ọkọ là ń wá fún un. A tilẹ̀ ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rìn, arákùnrin náà sì ti ní àfẹ́sọ́nà níbòmíràn, ó dé etí ìyẹn. Ariwo díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Arábìnrin yẹn kò kọrin mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò wá sí ìjọ mọ́.

Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún yẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló ń sùn tì í ní ọsibítù ní gbogbo òru. Ibẹ̀ ló ti kọ orin náà.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Ọ̀rọ̀ ìtùnú méjì péré ló yẹ ká sọ fún un ní Sọ́ńdè yẹn: ẹ kú orin. Kò yẹ ká fi nǹkan kan kún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti sùn, mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo sì kọ̀wé sí i. Mo sọ ohun tá a sọ, mo sọ pé èmi wà níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Àmì méjì yẹn di búlúù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì títí di òwúrọ̀ yìí. Ẹ wá wo ayé mi o: nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìyẹn náà. Mo ní ó ń bínú. Mo ní rárá, ó ti dárí jì mí, ó kàn ń tijú ni. Mo wo fọ́tò orí nọ́ńbà rẹ̀ bóyá ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbé fóònù sílẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o gbọ́ Hánà nígbà tí ohùn rẹ̀ kò jáde, gbọ́ arábìnrin yìí. Ohunkóhun tó bá ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí, fún un. Ní orúkọ Jésù. Àmín.