Ta Ni Yóò Jí Ẹni Tí Ó Sùn?

Kò sí alẹ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa: "Ó dàárọ̀ o." Ẹni tí a kí yóò sì dáhùn pé, "Kí Ọlọ́run jí wa ire o." Àgbà a máa wí i fún ọmọdé, ayálégbé a máa wí i fún onílé, àwọn tí ó bá ara wọn jà ní ọ̀sán pàápàá a máa wí i fún ara wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ń ro ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, a ó rí i pé ẹ̀jẹ́ ni. Ẹni tí ó sùn ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ kò ríran, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gbèjà ara rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni èyí: nígbà tí ewu bá dé bá ẹni tí ó sùn, ta ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti jí i?

Ewu tí a ń sọ kì í ṣe ti olè. Ewu èéfín ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọwọ́ iná ni ó ń pa ènìyàn nígbà tí ilé bá ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ èéfín ni ó kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ náà, kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹni náà rárá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ ní ilé gíga tí a ń pè ní Afriland Towers ní òpópó Broad Street, ní Erékùṣù Èkó wa níhìn-ín. Ìròyìn tí ó jáde wí pé láti inú yàrá tí a kó ẹ̀rọ inverter sí ní ìsàlẹ̀ ilé náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín gun òkè lọ bá àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan fọ́ fèrèsé kí wọ́n baà lè mí; àwọn tí ó wà ní òpópó gbé àkàbà wá láti gbà wọ́n là. Síbẹ̀, ó kéré tán, ènìyàn 10 ni ó kú. Ẹ kíyè sí i pé ojúmọmọ ni, ojú gbogbo ènìyàn sì là sílẹ̀. Bí èéfín bá lè borí ẹni tí ó jí, tí ó sì ní ẹsẹ̀ láti sá, kí ni kì yóò ṣe fún ẹni tí ó sùn ní òru? Imú ènìyàn kì í ṣe olùṣọ́ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé lójú oorun. Ẹni tí ó bá ń retí pé òórùn èéfín yóò jí òun ń retí ohun tí ó lè má ṣẹlẹ̀.

Àwọn baba wa máa ń wí pé èéfín ni ìwà, pé kò sí bí a ti lè bò ó tí kì yóò rú jáde. Òótọ́ ni èyí ní ti ìwà àti ní ti èéfín tí a ń rí. Ṣùgbọ́n iná ní ọmọ mìíràn tí kì í rú, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní kábọ̀n monọ́ksáìdì. Níbikíbi tí epo, èédú, igi tàbí gáàsì bá ti ń jó láìrí afẹ́fẹ́ tó, níbẹ̀ ni ó ti ń jáde. Ó ń jáde láti ẹnu ẹ̀rọ amúnáwá tí ń lo pẹtiróòlù. Ó ń jáde láti inú ìkòkò èédú tí a gbé wọ yàrá. Ó sì ń jáde láti inú sítóófù tí kò jó dáradára. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ọ́ksíjìn káàkiri ara. Gáàsì yìí a máa lẹ̀ mọ́ ohun náà ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ọ́ksíjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó ń mí kò ṣe é ní àǹfààní mọ́.

Orí a máa fọ́ ẹni tí ó ń fa gáàsì náà símú. Òòyì a máa kọ́ ọ, èébì a máa gbé e, ara rẹ̀ a sì rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kì yóò wí pé ibà ni? Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ará ilé ni orí ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá jáde sí gbangba, kí a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ibà. Ẹni tí ó bá sì ti sùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lè má mọ ohunkóhun rárá. Láti inú oorun ni yóò ti bọ́ sínú ikú.

Ẹ jẹ́ kí a wá ronú sí ilé kan láàárín Ìdúmọ̀tà àti Ẹnu Ọ̀wá, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ilé ẹbí ni. Yàrá kọjú sí yàrá. Ògiri rẹ̀ fi ara kan ògiri ilé kejì. Ayálégbé kan ra ẹ̀rọ amúnáwá kékeré, irú èyí tí àwọn ará ìlú sọ ní "I better pass my neighbour," èyíinì ni pé, "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ." Nítorí ìbẹ̀rù olè, kò gbé e síta, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sùn. Ẹ wo bí orúkọ náà ti bá ọ̀rọ̀ náà mu tó! Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ fáànù jẹ́ ti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Èéfín rẹ̀ jẹ́ ti aládùúgbò. Ìyá arúgbó tí ó wà ní yàrá kejì kò dá owó sí i, kò jẹ àǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni gáàsì náà ń gbà wọlé. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ó ti kí ìyá náà pé, "Ó dàárọ̀, Màmá." Ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́?

Mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Àìmọ̀ lè dín ẹ̀bi kù fún ẹni tí kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́, tí ó sì ń wí pé kò ní ṣe nǹkan, ti kúrò ní ipò aláìmọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ti ẹni àti ti ẹlòmíràn. Ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ nìkan kò tó. Bí a bá wí pé kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, òótọ́ ni ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé kí a má ṣe tan ẹ̀rọ náà níbẹ̀ rárá, pàápàá jù lọ nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sùn. Àìní àyè kì í sọ májèlé di oúnjẹ.

Nísinsin yìí, ọgbọ́n ti dé tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti ṣọ́ ara wa, èyíinì ni àláàmù, tí a lè pè ní agogo ìdágìrì. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń gbọ́ èéfín, èkejì ń gbọ́ kábọ̀n monọ́ksáìdì. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì, àfi bí a bá ra èyí tí a ṣe méjèèjì pọ̀ sínú rẹ̀. Nítorí pé èéfín a máa gòkè, ara àjà yàrá ni a ń so agogo èéfín mọ́: ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tí a ń sùn sí, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà lẹ́nu yàrá wọnnì, àti ọ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan ilé. Kí ó jìnnà sí ibi ìdáná tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ó má baà máa ké nígbàkúùgbà tí a bá ń dín dòdò. Agogo kábọ̀n monọ́ksáìdì ni kí ó wà nítòsí ibi tí a ń sùn sí, bí ìwé tí ó bá a wá ti là á sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni kí a tẹ bọ́tìnì ìdánwò tí ó wà lára rẹ̀. Kí a nu eruku rẹ̀. Kí a má ṣe kùn ún ní ọ̀dà. Bí ó bá ń dún ṣín-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì rẹ̀ ni ó ń kú lọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, igbe mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ ti iná, igbe mẹ́rin-mẹ́rin jẹ́ ti gáàsì. Agogo èéfín tí ó ti pé ọdún 10 ti darúgbó, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ti gáàsì sábà máa ń tètè gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí a ka ọjọ́ tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ké, kí gbogbo ilé jáde sí gbangba, kí a ka ara wa, kí a sì pe 112 tàbí 767. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà wọlé lọ mú ẹrù. Òwe wa wí pé bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni à á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Àwọn kan ka òwe yìí sí ti onímọtara-ẹni-nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sáré wọ yàrá tí gáàsì kún láti gbé ẹlòmíràn lè ṣubú lé e lórí, kí òkú sì di méjì. A ń gbọ̀n ti ara wa dànù kí ọwọ́ wa baà lè ṣófo láti gba ọmọ là. Ìdí nìyí tí agogo fi ṣe pàtàkì: ó ń jí gbogbo wa nígbà tí agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ wa.

Àwọn àtakò kan wà tí ó yẹ kí a dáhùn. Èkíní ni ti àwọn tí ń wí pé àyànmọ́ kò gbóògùn, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé yóò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wí bẹ́ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́, kì í sì í wọ ọ̀sà láìní ọkọ̀. Ó gba àyànmọ́ gbọ́ ní ti èéfín nìkan, nítorí pé kò tíì bẹ̀rù rẹ̀ tó. Èkejì ni ti àwọn tí agogo náà ń dí lọ́wọ́, tí ó ké nígbà kan nítorí ọbẹ̀ tí ó jóná, tí wọ́n sì yọ bátìrì rẹ̀ fi sínú rédíò. Wọ́n ti lé olùṣọ́ lọ nítorí pé ó kígbe lójú ẹ̀ṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ìwà tí a ń hù sí ọ̀rẹ́ tí ń sọ òótọ́ fún wa náà nìyẹn. Ẹ sún agogo náà kúrò nítòsí ìdáná; ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀kẹta wúwo jù wọ́n lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá fi ẹ̀rọ ṣọ́ ilé, a kò ní ṣọ́ ara wa mọ́. Ìbẹ̀rù náà nítumọ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọlé nítorí pé agogo wà lára ògiri ti sọ olùṣọ́ di àwáwí. Agogo kò lè gbé ọmọ ọwọ́, kò lè fa arúgbó tí kò lè rìn jáde, kò sì lè jí adití, àfi bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń tan iná tàbí tí ń gbọn ibùsùn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó pè wá. Dídáhùn wà lọ́wọ́ wa.

Ta ni yóò wá rà á? Òfin àtijọ́ kan wà nínú ìwé Deuteronomi tí ó pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé ni a di ẹrù náà rù, kì í ṣe àlejò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2015 pàṣẹ fún onílé tí ń gba owó ilé pé kí ó fi agogo èéfín sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022, a tún fi kún un pé kí onílé tún agogo tí ó bàjẹ́ ṣe nígbà tí ayálégbé bá sọ fún un. Nítorí náà, onílé ni ó kọ́kọ́ jẹ gbèsè yìí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ayálégbé sílẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń gbé ibẹ̀, òun ni ó sì lè tẹ bọ́tìnì ìdánwò, kí ó sì sọ ohun tí ó bàjẹ́. Nínú ilé ẹbí, níbi tí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ti sábà máa ń di ohun tí kò sí ẹni tí ó ni ín, kí a dá owó rẹ̀ jọ bí a ti ń dá owó odún. Ẹbí tí ó lè ra aṣọ kan náà fún ìnáwó ọjọ́ kan lè ra agogo tí yóò ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò mọ kábọ̀n monọ́ksáìdì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ilé kan náà ni a jọ ń mí nínú rẹ̀. Ní alẹ́ òní, kí á tó wí pé ó dàárọ̀ fún ara wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń dún níbẹ̀, kí á pa á. Bí ìkòkò èédú bá wà nínú yàrá, kí á gbé e jáde. Lẹ́yìn náà, kí á kí ara wa. Nígbà náà ni ìkíni wa yóò ní ìdí.