Ikú Náà Ní Èèwọ̀

Àwọn ọmọ awo kan, pàápàá lókè òkun, ti sọ ọ́ di orin pé ohun tí àwọn yogi ilẹ̀ Íńdíà wá kiri láyé àtijọ́ ni Ifá ń pè ní àìkú. Wọ́n á ní ẹ wo odù Òyẹ̀kú Méjì, ṣebí Ifá náà mọ bí a ti í ṣẹ́gun Ikú. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Àwọn yogi tí à ń wí, ìyẹn àwọn Siddha, àtàwọn Nath tó ń tẹ̀lé olùkọ́ wọn Gorakhnath, kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ o. Ìwé wọn kan, Rasarnava, bú àwọn tó ní ìgbà téèyàn bá kú ló tó ń rí ìdáǹdè: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà á rí i. Mo fẹ́ràn ẹnu yẹn. Ara tó ń mí yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ kó máa wà lọ. Mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n gbà pé àtọ̀ Shiva, òrìṣà wọn, ni, àti pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù aya rẹ̀ ni imí ọjọ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ewé, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu ìkòkò, wọ́n á yáná sí i. Ara irin ni wọ́n sì ti ń dán an wò kó tó kan ẹnu: wọn ò ní í gbé e mì àfi tó bá sọ irin lásán di wúrà. Arìnrìn-àjò Marco Polo ròyìn àwọn yogi tó ń mu mákúrì àti imí ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó ní wọ́n ń lo 150 sí 200 ọdún láyé. Ọ̀mọ̀wé Al-Biruni, tó ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí 1030, ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Èmi náà ò gbà. Májèlé ni mákúrì.

Òyẹ̀kú Méjì wá ńkọ́? Nínú ẹsẹ Ifá náà, Òlójòǹgbòdú, ìyàwó Ikú, ni àwọn èèyàn lọ bá. Wọn ò bi í ní ohun tí àwọn máa jẹ tí àwọn ò fi ní í kú. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ ni wọ́n bi í. Ẹni tó ń dáná fúnni ló ń mọ̀. Ó ní eku á mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ẹja á mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ á mú un bì. Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró. Ikú náà ní èèwọ̀! Ohun tó ń pa ọba, tó ń pa ìwọ̀fà, ní oúnjẹ tí inú rẹ̀ ò gbà. Ara tiwọn ni àwọn yogi di gbogbo ẹrù lé: wọ́n á sé èémí, wọ́n á sé àtọ̀, àwọn mìíràn á máa gé abẹ́ ahọ́n díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa lè ká sẹ́yìn sínú ọ̀nà ọ̀fun. Ifá ní kí a gbé oúnjẹ náà fún Ikú, kí òun jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Ẹbọ nìyẹn. Ẹ má fi wé oògùn.

Àwọn ọmọ awo yẹn á ní bí ọwọ́ Ikú bá ti gbọ̀n, ó ti tán nìyẹn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ikú tó ń bì ò tíì kú. Ara rẹ̀ á yá, á sì padà wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń rú ẹbọ mìíràn. Awo tó bá sọ pé ẹbọ kan ṣoṣo ti dí ọ̀nà Ikú pátápátá, àpò oníbàárà ló ń wò.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Gorakhnath gbà pé ó ṣì wà láàyè títí dòní. Ọ̀rúnmìlà ńkọ́? Nígbà tí Ọlọ́wọ̀ àbíkẹ́yìn rẹ̀ rí i fín, bàbá gba ọ̀run lọ. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà, ikin 16 ló kó lé wọn lọ́wọ́, odù Ìwòrì Méjì ló sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò bọ̀. Kí àwọn tó ń polówó ara tí kì í kú kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyẹn fún wa.